Yunifásítì Tí Ó Wọ̀ sí Ilé Onílé

Kí àwọn òyìnbó tó fi ìbọn ṣí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní ogun Ìmágbọ̀n, ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, àlejò kì í kàn dédé wọ ilẹ̀ Ọmọ Aláre kí ó sì rí ibi gbé orí lé sùn. Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ni ó ni ọ̀nà, àwọn oníbodè rẹ̀ sì ń ṣọ́ ẹnubodè tọ̀sán-tòru. Ará Ìbàdàn tí ó bá fẹ́ ra iyọ̀ tàbí ìbọn, ará òkè tí ó bá ru epo wá, ọjà etí ilẹ̀ ni yóò ti bá Ìjẹ̀bú pàdé, tí yóò ti ná ọjà rẹ̀ tán, tí yóò sì ti pẹ̀yìn dà, nítorí pé Ìjẹ̀bú kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ náà mọ ọ̀nà tí ó lọ sí etí ọ̀sà. Nígbà ogun Kírìjí, Òrù ni Balógun Onafowókàn kó àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú sí, kí wọ́n lè dí ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Bí ènìyàn bá gba Òrù yìí kan náà kọjá lónìí, ilé gbọọrọ gbọọrọ ni yóò rí, tí ilẹ̀kùn wọn tò lọ rẹrẹẹrẹ, tí aṣọ sísá ń mì níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń wọlé tí ó ń jáde nínú wọn sì ti ọ̀nà jíjìn wá, Yorùbá àti ẹni tí kì í ṣe Yorùbá. Ogun kọ́ ni ó kó wọn dé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọjà. Yunifásítì ni.

Àwọn tí wọ́n ń kọ ìtàn yunifásítì ní ilẹ̀ wa a máa kọ nípa gíwá tí ó jẹ àti gíwá tí ó kúrò, nípa ìpìlẹ̀ tí gómìnà fi lélẹ̀ àti oyè tí a fi dá ọlọ́lá lọ́lá; yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn kì í sábà wọ inú ìwé wọn. Ní ti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, èrò tèmi ni pé inú yàrá yẹn gan-an ni kókó ìtàn náà wà. Ìjọba kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́; àwọn onílé Àgọ́-Ìwòyè, Òrù, Ìjẹ̀bú-Igbó àti Ìjagun ni wọ́n kọ́ èyí tí ó kù. Ẹni tí ó bá sì kọ́ ibi tí ọmọ ń sùn, tí ọmọ ń dáná, tí ọmọ ń ṣàìsàn sí, a kò gbọdọ̀ kà á sí èrò ẹ̀yìn nínú ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Kí a tó lè mọ bí ti Ìjẹ̀bú ṣe yàtọ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sí Ìbàdàn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1948 ni Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú àwọn ilé tí àwọn ológun fi ṣe ilé ìwòsàn nígbà ogun Hitler, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104 tí wọ́n ti Yábàá wá. Ibùdó ìgbà díẹ̀ ni. Ibi tí ọkàn àwọn olùdásílẹ̀ wà gan-an ni ilẹ̀ gbalasa tí Ìbàdàn yọ̀ǹda lẹ́yìn ìlú, tí tọkọtaya ayàwòrán ilé, Maxwell Fry àti Jane Drew, sì ya ilé rẹ̀ pẹ̀lú ògiri oníhò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí ooru má baà pa ọmọ aráyé. Àwọn họ́ọ̀lù gbígbé ni ọkàn ibẹ̀: Mellanby, tí a fi sọrí gíwá àkọ́kọ́, Tedder, Kútì, Sultan Bello, àti Queen Elizabeth fún àwọn obìnrin. Oxford àti Cambridge ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbé aṣọ ìgbéraga ọ̀mọ̀wé wọ̀ kí ó tó jókòó jẹun alẹ́, tí ọ̀gá họ́ọ̀lù ń jókòó lórí àga gíga, tí òṣìṣẹ́ sì ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọmọ àgbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ṣì ń ta ẹ̀wà ní ojú pópó. N kò sọ èyí láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé ìmọ̀ kò tó, àjọgbé ni ó ń sọ ọmọ di ènìyàn. Àwa náà sì ní ìlànà yẹn, nítorí pé ọmọ iṣẹ́ kì í ti ilé ìyá rẹ̀ kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ilé ọ̀gá ni ó ń sùn.

Ìjẹ̀bú kò tilẹ̀ jìnnà sí họ́ọ̀lù Ìbàdàn wọ̀nyẹn. Kútì tí a fi sọ ọ̀kan lórúkọ, Àlùfáà Oludotun Ransome-Kuti, ọ̀gá Ijebu-Ode Grammar School ni ó jẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó lọ di ọ̀gá Abeokuta Grammar School ní ọdún 1932. Òun sì wà lára ìgbìmọ̀ Elliot tí ìjọba òyìnbó yàn ní ọdún 1943 láti wo bí a ó ṣe dá ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ó mọ bí ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe ń gbé bọ́dìn-ín wà níbi tí a ti pèrò ilé fún gbogbo ilẹ̀ yìí.

Ifẹ̀ tẹ̀lé e. Ìbàdàn náà ni yunifásítì yẹn ti ṣí ní ọdún 1962, ó sì kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1967, sí ọgbà tí Arieh Sharon, ayàwòrán ilé láti Ísírẹ́lì, tò sí ẹsẹ̀ òkè: ilé ìwé àti gbọ̀ngàn ní àárín, họ́ọ̀lù ní ẹ̀gbẹ́ kan, ilé olùkọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, igbó láàárín òun àti ìlú. Awólọ́wọ̀, Fájuyì, Mọremí ni orúkọ àwọn họ́ọ̀lù; ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni ẹni àkọ́kọ́, ìyẹn ni pé ní ilẹ̀ Ifẹ̀ lọ́hùn-ún, abẹ́ orúkọ ọmọ Rẹ́mọ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọkùnrin ń sùn. Ìlú òdìndi ni irú ọgbà bẹ́ẹ̀: ó ní omi tirẹ̀, iná tirẹ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́ tirẹ̀. Owó ńlá sì ni. Nígbà tí ìjọba ológun fi owó kún owó oúnjẹ àti owó ibùgbé ní ọdún 1978, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde jákèjádò Nàìjíríà, ẹ̀mí ṣòfò, orúkọ Ọ̀gágun Ahmadu Ali tí ó jẹ́ kọmíṣánnà ẹ̀kọ́ sì di orin ní ẹnu wọn. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn sí ẹni tí ó bá fẹ́ rí i pé àwo oúnjẹ àti bẹ́ẹ̀dì ti fẹ́ wúwo ju agbára ìjọba lọ.

Inú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a bí yunifásítì ti ìpínlẹ̀ Ògùn sí. Òfin ọdún 1979 fún àwọn ìpínlẹ̀ ní àṣẹ láti dá yunifásítì tiwọn sílẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ sì ń dá a bí ẹni ń dìje: Rivers, Bendel, Ímò, Oǹdó, lẹ́yìn náà Èkó. Gómìnà Ògùn nígbà náà ni Olóyè Olabisi Onabanjo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, akọ̀wé ìròyìn tí àwọn òǹkàwé mọ̀ sí Ayékòótọ́ nítorí orúkọ tí ó ń fi sí orí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ UPN tí ó ti búra pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni òun yóò fi ṣe ìjọba. Ní ọjọ́ keje oṣù keje ọdún 1982 ni a dá Ogun State University sílẹ̀ sí Àgọ́-Ìwòyè. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà ni Ààrẹ Shehu Shagari ti gbé òfin ìfúnrapinpin jáde nítorí pé owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀. Ọmọ tí a bí sí àárín ìyàn kò lè máa béèrè ibùsùn oníyẹ̀ẹ́. Bí a kò bá sì rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: owó tí ó wà ni kí a fi kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kí àwọn ọmọ máa gbé inú ìlú. Yunifásítì ti Èkó, tí ó ṣí ní ọdún 1983, gba ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n Èkó jẹ́ ìlú tí ó ti kún fún yàrá àháyá láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ti Àgọ́-Ìwòyè, ìlú àgbẹ̀ oníkòkó àti olóbì ni, ilé ìdílé ni ó wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó ti ń kọ́ ilé fún àlejò.

Gíwá àkọ́kọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n John Olubi Sodipo, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò tí ó ti ń kọ́ni ní Ifẹ̀, ẹni tí òun àti Barry Hallen jọ kọ ìwé lórí ohun tí àwọn babaláwo àti onísègùn Yorùbá ń pè ní ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́. Mo máa ń rò ó pé kò sí ẹni tí ó yẹ jù ú lọ láti jókòó sí àárín ìlú, nítorí pé ẹni tí ó ti lo ọdún gbọọrọ láti jókòó ti onísègùn kò ní sọ pé ìmọ̀ kò sí lẹ́yìn odi ọgbà. Ìjọba tí ó yàn án kò pẹ́: ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1983 ni àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì ju Onabanjo sí ẹ̀wọ̀n. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò tíì pé ọdún méjì di ọmọ òrukàn, ọmọ òrukàn kì í sì í béèrè họ́sítẹ́ẹ̀lì. Onabanjo kú ní ọdún 1990. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2001 ni ìjọba Gómìnà Olusegun Osoba yí orúkọ yunifásítì náà padà sí Olabisi Onabanjo University. Àwọn àgbà ìlú kan kò kúkú yí ẹnu padà; Ọ́sù ni wọ́n mọ̀, Ọ́sù ni wọ́n sì ń pè é.

Nípa títò ọgbà rẹ̀, a kò gbọdọ̀ wá ọwọ́ ayàwòrán ilé níbẹ̀. Ọwọ́ òṣèlú ni a ó rí. Ní Àgọ́-Ìwòyè, ọgbà méjì ni ó wà: kékeré tí ó wà nínú ìlú, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mínì, àti ńlá tí ó wà lẹ́yìn ìlú, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ibùdó àìyẹsẹ̀ nínú ìwé, tí ó sì jẹ́ PS ní ẹnu akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ìyókù fọ́n ká gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn wà ní Ṣágámù, níbi tí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ wà, ó sì ní ẹsẹ̀ kan ní Ìkẹ́nnẹ́. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Ayétòrò, ní ilẹ̀ Yewa. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ wà ní Ìbògùn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìpínlẹ̀ Ògùn mọ ohun tí a ṣe: Ìjẹ̀bú jẹ, Rẹ́mọ jẹ, Ẹ̀gbá jẹ, Yewa náà fi ọwọ́ kan ọbẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí a dá ní ọdún 1976 kò lè gbé ohun tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kí àlàáfíà sì wà. Àǹfààní wà nínú pínpín yìí, n kò sẹ́. Ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ jìnnà sí aláìsàn, oko kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ni pé kò sí ibì kan ṣoṣo tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ tó láti fi ipá mú ẹnikẹ́ni kọ́ họ́ọ̀lù ńlá, olúkúlùkù ọgbà sì wọ̀ sí ọ̀dọ̀ ìlú tí ó gbà á.

Kí wá ni àwọn ìlú ṣe? Ilé tí ó kọ́kọ́ gba akẹ́kọ̀ọ́ ni ilé tí kò sí ẹni nínú rẹ̀. Àṣà Ìjẹ̀bú ni pé bí ọmọ bá lọ ṣòwò ní Èkó tàbí Ìbàdàn, tí owó sì dé, ilé ni yóò kọ́kọ́ kọ́ sí ìlú baba rẹ̀, ilé tí yóò máa wá sùn nígbà Iléyá, nígbà òkú àti nígbà ìsọmọlórúkọ, tí eku àti òjò yóò sì máa ṣọ́ fún un ní ìyókù ọdún. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ súà. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ dé, ìyàwó àgbà tàbí àbúrò tí ó wà nílé ṣí yàrá méjì, ó ṣí mẹ́ta, ó gba owó, ó ránṣẹ́ sí Èkó, ará Èkó sì rí i pé ilé tí òun kọ́ nítorí iyì ti ń mú owó wọlé. Lẹ́yìn náà ni ilé tí a mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ fún àháyá dé: gbọọrọ, yàrá kọjú sí yàrá, ilé ìdáná kan àti kànga kan lẹ́yìn, tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní fés-mí-áì-fés-yú. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwọn òbí tí wọ́n lówó kò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn máa tò sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́wàá, bí sẹ́ẹ̀fù-kọ́ńtéènì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, yàrá tí ó ní ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀. Ilé akẹ́kọ̀ọ́ wá di kòkó kejì ní Àgọ́-Ìwòyè, èyí tí kò fẹ́ òjò, tí kòkòrò kì í sì í jẹ.

Ìwà tuntun bá ilé tuntun dé. Akẹ́kọ̀ọ́ kò pe onílé ní orúkọ. Bàbá Onílé tàbí Màmá Onílé ni, kí a sì dọ̀bálẹ̀ tàbí kí a kúnlẹ̀ lówùúrọ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ Èkó tí kò kí ìyá tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti rí ìyá onílé tí ó gbé agbo lọ fún ọmọ tí ibà dá dùbúlẹ̀, tí ó sì jókòó tì í títí ó fi mu ún tán; mo sì ti rí òmíràn tí ó gbé ẹrù ọmọ jáde sínú òjò nítorí owó ilé tí ó pẹ́. Owó ọdún kan ni a ń san lẹ́ẹ̀kan náà, ejẹ́ńtì yóò gba tirẹ̀, a ó sì san ti ìwé àdéhùn. Bí àwọn olùkọ́ bá da iṣẹ́ sílẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ sì tì, owó ilé kì í dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá lówó yóò lọ fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, gàrí Ìjẹ̀bú tí a rẹ sínú omi tútù ni yóò sì máa fi tu ara rẹ̀ nínú. Òwúrọ̀ kùtù ni ẹ ó rí wọn ní ìdúró ọkọ̀ Òrù àti Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wọ́n ń já ọkọ̀ àti ọ̀kadà gbà kí wọ́n tó dé PS, nítorí pé bí a bá ṣe jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ọgbà tó ni owó ilé ń dín kù tó, ohun tí a sì rí jẹ lórí ilé, ọkọ̀ yóò gbà á lọ́wọ́ wa.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Ìjẹ̀bú ni ó kọ́kọ́ rí èyí. Ní Bologna, ní ilẹ̀ Ítálì, níbi tí yunifásítì tí ó dàgbà jù lọ ní Yúróòpù wà, ilé onílé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀ sí ní ọ̀rúndún kejìlá. Wọ́n kó ara wọn jọ ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, wọ́n sì bá ìlú ṣe àdéhùn pé àwọn aṣojú ìhà méjèèjì ni yóò máa jókòó dá iye owó ilé. Ní Paris, ní ọdún 1231, Póòpù Gregory kẹsàn-án fún àwọn olùkọ́ ní àṣẹ láti dá ẹ̀kọ́ dúró bí a bá kọ̀ láti dá iye owó ilé tí ó tọ́ fún wọn. Ní Oxford, ìjà àárín akẹ́kọ̀ọ́ àti ará ìlú ní ọdún 1209 ni ó lé àwọn kan sá lọ sí Cambridge. Ìyẹn ni pé kí họ́ọ̀lù àti aṣọ ìgbéraga tó dé, ilé onílé ni ó ti wà. Ohun tí Ìbàdàn sáré lọ rà ní ọdún 1948 ni apá ìkẹyìn ìtàn náà. Èyí tí ó dùn mí ni pé ní Ìjẹ̀bú, ilẹ̀ tí ó ní ọba, tí ó ní ìgbìmọ̀ Òṣùgbó, tí ó ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ ọjọ́ orí, tí wọ́n lè péjọ yanjú ọ̀ràn kan ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ejẹ́ńtì ni a jẹ́ kí ó máa dá iye owó ilé.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún ní adùn tirẹ̀, nítorí orúkọ tí yunifásítì ibẹ̀ ń jẹ́. Láti ọdún 1952 ni Tai Solarin ti jẹ́ ọ̀gá Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ó tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ láti lọ dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1956. Ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ni pé ọmọ tí yóò sùn nínú ilé gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń kọ́ ilé: àwọn ọmọ rẹ̀ ru òkúta, wọ́n po sìmẹ́ńtì, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n gbin ohun tí wọ́n jẹ. Nígbà tí ìjọba Gómìnà Gbenga Daniel sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ olùkọ́ Ìjẹ̀bú-Òde di Tai Solarin University of Education ní ọdún 2005, yunifásítì ẹ̀kọ́ olùkọ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, sí Ìjagun, orúkọ ọkùnrin yẹn ni wọ́n gbé sí orí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kò ru òkúta kan, ilé tí ẹlòmíràn kọ́ sí Ìjagun àti àyíká rẹ̀ ni wọ́n ń gbà háyà. Ní ọdún 2012 ni ìjọba kéde pé òun yóò da yunifásítì náà pọ̀ mọ́ ti Àgọ́-Ìwòyè. Ẹni tí ó bá ti fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́ ilé oníyàrá méjìlá sí etí ọgbà mọ bí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ró létí. Ìjọba yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì dúró.

Bí ènìyàn bá fẹ́ rí òdì kejì, kí ó lọ sí Ìlíṣàn ní Rẹ́mọ. Babcock, tí ìjọ Adventist bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1959 gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí ó sì di yunifásítì ní ọdún 1999, kò jẹ́ kí ọmọ wọ̀ sí ilé onílé rárá: inú odi ni kí ó máa sùn, inú odi ni kí ó máa jẹun, ìwé àṣẹ ni yóò sì fi jáde. Àwọn òbí tí wọ́n ń bẹ̀rù ẹgbẹ́ òkùnkùn ń fi owó ńlá ra odi yẹn, n kò sì bá wọn wí, nítorí pé ìlú tí akẹ́kọ̀ọ́ fọ́n ká sí ti rí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà púpọ̀ tí họ́ọ̀lù tí ó ní ọ̀gá kì bá ti jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìlíṣàn kò mọ orúkọ àwọn ọmọ náà, Òrù sì mọ orúkọ àwọn tí ó wọ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òrù tilẹ̀ ti gba àlejò tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti ọdún 1990 ni àwọn tí ogun lé kúrò ní Làìbéríà ti pàgọ́ sí ibẹ̀, fún ogún ọdún ó lé, ní ẹ̀gbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ní ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ gba yunifásítì Ìjagun sí ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn kan ń retí pé họ́ọ̀lù yóò ti ibẹ̀ dé, gẹ́gẹ́ bí ó ti dé Ìbàdàn àti Ifẹ̀ láyé ọjọ́un. Àwọn tí wọ́n ń retí bẹ́ẹ̀ kò tíì gba Àgbowó, ní ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, kọjá láìpẹ́ yìí. Bẹ́ẹ̀dì tí ó wà ní Mellanby àti Fájuyì kò tó àwọn tí ó ń béèrè mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn ń gbé Àgbowó, ọmọ Ifẹ̀ ń gbé Lágéré àti Mayfair, wọ́n ń wá ejẹ́ńtì, wọ́n ń san owó ọdún kan, wọ́n sì ń kí Bàbá Onílé lówùúrọ̀.